Ṣé ẹni tí eérú bà ló dà á?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pa òwe "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀" fún àwọn tí omíyalé ba ilé wọn jẹ́. Ṣé òwe yẹn bá ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ mu?

Ìdáhùn: Ó bá a mu dáadáa, àmọ́ ẹni tó pa á fún wọn ṣì í pa. Ẹni tó gbé eérú lọ́wọ́, tó fẹ́ dà á, ni òwe yìí ń kìlọ̀ fún pé ohun tó bá ṣe á wá a wá. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀bi tí à ń dá fún ẹnikẹ́ni tá a bá ti rí eérú lára rẹ̀. Ẹni tó dúró jẹ́jẹ́ níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, eérú á bà á, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Eérú tí à ń sọ níbí ni èéfín kábọ́nì, ìyẹn èéfín epo àti èédú tí à ń jó. Kì í tán lọ́dún tí wọ́n tú u sáfẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tó fi jẹ́ pé èyí tí àwọn tó ti kú tipẹ́ jó ṣì ń mú ayé gbóná lónìí, tí ooru náà sì ń dá kún ìkún omi. Tá a bá ṣírò rẹ̀ látìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà nìkan ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀ ni nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Lọ́dún 2022, ìkún omi ṣọṣẹ́ fún èèyàn mílíọ̀nù 33 ní Pakistan, orílẹ̀-èdè tí èéfín rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú 100 tayé. Ta ló da eérú yẹn?

Ìdí nìyí tí àdéhùn ojú ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1992 fi sọ pé ojúṣe gbogbo wa ni, ṣùgbọ́n ẹrù náà ò dọ́gba. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: Ṣáínà ló ń tú èéfín jù lọ lọ́dọọdún báyìí, àdéhùn Paris ti 2015 sì ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan mú ètò tirẹ̀ láti dín èéfín kù wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń dùn mí. Níbi ìpàdé ojú ọjọ́ ní Copenhagen lọ́dún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dọọdún, tó bá fi máa di 2020, láti ran àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣì ń gòkè àgbà lọ́wọ́ lórí àyípadà ojú ọjọ́. Ọdún 2022 ni wọ́n tó mú un pé, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba wọn kó sílẹ̀ sì jẹ́ owó yíyá. Ẹni tí wọ́n da eérú sí lójú tún wá jẹ gbèsè omi tó fi bọ́jú. Àpò owó àdánù, ìyẹn owó ìrànwọ́ fáwọn tí àyípadà ojú ọjọ́ ba nǹkan wọn jẹ́, tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbi ìpàdé ojú ọjọ́ ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì ló sún mọ́ òdodo jù lójú tèmi, àmọ́ ìjọba tó bá wù ló ń dá owó sí i. Kò sí èyí tí wọ́n fi dandan mú.