Èsì: Iléèwé ọmọ mi ní Michigan (Amẹ́ríkà) ò ní calculus (ẹ̀ka máàtì gíga kan), wọ́n ní kí n lọ sanwó ẹ̀ fúnra mi

Mọ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì yọ kọ́bọ̀ lápò. Òfin Michigan kan wà tí wọ́n ń pè ní 21f, ọmọ tó bá wà ní kíláàsì 6 sí 12 níléèwé ìjọba lè mú kọ́ọ̀sì méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní táàmù kan, kódà kó jẹ́ dísíríìtì (àjọ tó ń bójú tó iléèwé ìjọba àdúgbò kan) ìtòsí ló ń kọ́ ọ, dísíríìtì tiyín ló máa sanwó ẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀yin òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ti ṣe máàtì tó ṣáájú calculus, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè kọ̀ ọ́.

Ẹ wá kọ́ọ̀sì náà nínú kátálọ́ọ̀gì ìpínlẹ̀, ẹ gbé e lọ bá counselor (olùdámọ̀ràn iléèwé) kí tàìmù-tébù tó jáde, torí tí kíláàsì bá ti bẹ̀rẹ̀ "ó ti pẹ́ jù" ni wọ́n máa sọ. Tí wọ́n bá ṣì ń kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sórí ìwé, òun lẹ máa gbé lọ bá ọ̀gá intermediate school district, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ dísíríìtì lágbègbè yín. Èyí tí wọ́n bá kàn sọ lórí fóònù, èmi ò kà á sí rárá.

Ẹ tún bèèrè ta ni mentor ẹ̀ o. Tíṣà tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì náà á wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, àmọ́ iléèwé tiyín ló máa yan ẹni táá máa ṣọ́ ọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.