Ìbéèrè Yín: Tí ilé-iṣẹ́ sìgá bá gbé ìjọba lọ sí kóòtù ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ti jọ fọwọ́ sí ìwé láti dín sìgá mímu kù, àmọ́ owó àwọn tó ń ṣe sìgá ti pọ̀ jù, ṣé orílẹ̀-èdè kékeré lè bá wọn fà á? – Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ ṣé o, Ìyá Ìbejì. Wọ́n lè bá wọn fà á dáadáa! Ìwé yẹn, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ló ṣe agbátẹrù ẹ̀ ní 2003, Nàìjíríà náà wà ńbẹ̀. Ẹ wo Uruguay ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ààrẹ wọn nígbà náà, Tabaré Vázquez, dókítà jẹjẹrẹ ni, ó mọ ohun tí sìgá ń fojú èèyàn rí, ní 2006 wọ́n fòfin de sìgá nínú ọ́fíìsì àti ilé oúnjẹ, nígbà tó yá wọ́n tún ní kí àwòrán ìkìlọ̀ gba 80% páálí sìgá níwájú àti lẹ́yìn. Ni Philip Morris, ilé-iṣẹ́ sìgá ńlá kan, bá pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2010, níwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó wà lábẹ́ Báńkì Àgbáyé, lójú tèmi wọ́n fẹ́ dẹ́rù ba àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ni. Uruguay ò dá nìkan jà ṣá, àjọ aláàánú Bloomberg, ti olówó ará Amẹ́ríkà nì, Michael Bloomberg, bá wọn dá sówó lọ́yà. Ní July 2016 Uruguay jàre, ìgbìmọ̀ náà tún ní kí Philip Morris san mílíọ̀nù 7 dọ́là lára owó tí Uruguay ná sẹ́jọ́ náà.

Tiwa ló ń dùn mí. Òfin wa ti 2015 ní kẹ́nikẹ́ni má ta sìgá fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n má sì tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà ni wọ́n ń tà lójú títì, kò sẹ́ni tó ń mú wọn.