Ṣé Mo Lè Sọ Ọmọ Mi ní Ìyábọ̀?

Ìbéèrè:

Àsàlámù àlékùm, Àáfà wa. Ìhà Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà. Ọjọ́rú ni mo bí ọmọbìnrin kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, làwọn ará ilé ọkọ mi bá ní Àìná ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni ìyá tó bí bàbá ọkọ mi kú. Mọ̀ríámọ̀ ni orúkọ wọn. Bàbá ní ìyá àwọn ló padà wá, pé Ìyábọ̀ la ó sọ ọmọ. Àáfà kan ládùúgbò wa wá ní kò sí orúkọ Yorùbá kankan tó tọ́ sí Mùsùlùmí, pé orúkọ ìdílé ọkọ mi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún, dandan ni ká lọ yí i padà nílé ẹjọ́, àti pé ọjọ́ kẹjọ tí à ń sọmọ lórúkọ, ti abọ̀rìṣà ni. Bàbá ti ń bínú, ọkọ mi ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn:

Wà àlékùm sàlámù, Ìyá Ìkókó. Ẹ kú ewu ọmọ. Kí Ọlọ́hun dá a sí, kó gbẹ̀yìn ìyá àti bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àáfà àdúgbò yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló da omi ilé rú. Ta ló sọ Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, lórúkọ? Bàbá rẹ̀ àgbà ni, Abdul-Muttalib, ní Mẹ́kà, nígbà tí òrìṣà ṣì kún inú Káába, tí ìṣípayá kankan ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Khadijah, Umar, Uthman, Ali: ọwọ́ àwọn òbí tó wà nínú àìmọ̀kan ni wọ́n ti gba orúkọ wọn. Wọ́n gba ẹ̀sìn, Ànábì kò sì ní kí wọ́n jù ú nù.

Àwọn tó yí orúkọ wọn padà wà, ẹ wá wo ìdí rẹ̀. Obìnrin kan ń jẹ́ orúkọ tó túmọ̀ sí aláìgbọràn, Ànábì sọ ọ́ di Jamila, arẹwà. (Orúkọ yẹn jọ ti Asiya ìyàwó Fìríáónà létí wa, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá; kí ẹni tó bá ń jẹ́ Asiya má fòyà.) Zainab ọmọ Abu Salamah, Barra là ń pè é tẹ́lẹ̀, ìyẹn olódodo, Ànábì ní ká má máa fọnnu fún ara wa, ó fi Zainab rọ́pò rẹ̀. Abdur-Rahman ọmọ Awf, ẹrú Amr ni orúkọ rẹ̀ ń pè é kó tó gba Ìsìláàmù. Lárúbáwá ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí o! Èdè náà ò gbà wọ́n sílẹ̀. Ìtumọ̀ ni Ànábì ń wò. Ibrahim àti Musa tí a sì ń pè ní orúkọ Lárúbáwá, àwọn onímọ̀ èdè náà fúnra wọn gbà pé àjèjì ni wọ́n níbẹ̀.

Kódà, àwa tí à ń sá fún Yorùbá, a máa ń ṣìṣe nínú Lárúbáwá tí a sá wọ̀. A gbà Abdur-Rahman, ẹrú Ọba Àjọkẹ́-ayé, orúkọ tó wà lára méjì tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lọ pẹ̀lú Abdullah, a gé ẹrú orí rẹ̀ dànù, ó ku Ràmọ́nì. Abdur-Razzaq di Ràsákì. Al-Rahman àti al-Razzaq, ti Ọlọ́hun nìkan ni. Èyí tó dà bíi Raheem àti Rauf rọrùn díẹ̀, torí Ọlọ́hun fi wọ́n ròyìn Ànábì nínú Súrà 9, ẹsẹ̀ 128. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe ẹrú náà pẹ̀lú Olúwa rẹ̀, kì í gba àkókò.

Nítorí náà, Ayọ̀délé, Ọláitán, Akínwálé, Ọdẹ́wálé tí ó kàn ń sọ pé iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń ṣe nílé wa, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé orúkọ onígbàgbọ́ ni Ọlọ́runtóbi. Kí ni a ń wí nígbà tí a bá ń kábàrá sí ìrun, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun tóbi? Oríkì náà ńkọ́, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àjọkẹ́? Ìkẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń gé orúkọ Aisha kúrú tó bá ń bá a ṣeré, a ní “Yá Aish”.

Àìná tí wọ́n pe ọmọ yín, bó ṣe wáyé ló ń sọ. Bákan náà ni Ìgè tó fi ẹsẹ̀ wáyé, Òjó, Ìdòwú, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ẹni tó bá pe ọmọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n ń so mọ́ ọn ni ẹ ṣọ́ra fún: ètùtù, ère ìbejì, irun Dàda tí wọ́n ní ìyà ń bẹ fún ẹni tó bá fi abẹ kàn án láìṣe orò. Irun orí Dàda, a máa ń fá a lọ́jọ́ keje bíi ti ọmọ yòókù ni.

Ọ̀rọ̀ Ìyábọ̀ ló wá kù, òun ló sì jẹ mí lọ́kàn jù nínú ìwé yín.

Ìyá Mọ̀ríámọ̀ kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìbí ọmọ yìí. Ẹ ṣe fídáù fún wọn. Ẹ tọrọ pé kí Ọlọ́hun tẹ́ sàréè wọn fẹ̀, kó dárí jì wọ́n, kó fi wọ́n sí Àlùjánnà. Bí wọ́n bá ti padà wá sínú ilé, ta wá ni ẹ ń tọrọ rẹ̀ fún? Ọlọ́hun sọ nínú Súrà 23, ẹsẹ̀ 99 sí 100, pé ẹni tí ikú bá dé bá yóò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà, a kì yóò dá a padà. Gàgá ń bẹ lẹ́yìn wọn títí di ọjọ́ tí a ó gbé wọn dìde. Ìyá wà níbi tí wọ́n ti nílò àdúà yín lójoojúmọ́. Bí a bá gbà pé ọmọ inú ìtẹ́dìí yìí ni wọ́n, àdúà náà yóò máa dínkù, a ó sì ti gba ohun tó tọ́ sí òkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà pẹ̀lú, ẹ̀mí tirẹ̀ ni Ọlọ́hun dá fún un, ìgbésí ayé tirẹ̀ ló wá gbé.

Nítorí ìdí yìí ni mi ò fi gbà pé kí Mùsùlùmí sọ ọmọ tuntun ní Ìyábọ̀, Yétúndé tàbí Babátúndé. Málọmọ́ àti Kòkúmọ́ náà, orí ìgbàgbọ́ pé ọmọ kan ló ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n dúró lé. Ẹni tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà èwe, tí kò sì gba ohun tó ń wí gbọ́, mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń jẹ́ Yétúndé, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ṣe ń pè wọ́n títí dòní: Àǹtí Yétúndé. Àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ ò mọ̀ ni. Àwa tí a ti wá mọ̀ ńkọ́?

Ohun tí Bàbá ń wá kò burú, Ìyá Ìkókó. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni Bàbá, bó ti wù kí orí wọn funfun tó. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ ìyá àwọn má parẹ́. Ẹ fún wọn ní èyí! Ẹ sọ ọmọ náà ní Mọ̀ríámọ̀. Nígbà tí a bí ọmọkùnrin fún Ànábì, ó ní: “Wọ́n bí ọmọ kan fún mi lóru àná, mo sì fi orúkọ bàbá mi Ibrahim sọ ọ́.” Ó fi ọmọ rántí bàbá ńlá rẹ̀, kò sì ní Ibrahim padà wá. Nínú Súrà 3, ẹsẹ̀ 36, ìyá ló sọ Mọ̀ríámọ̀, ìyá Ànábì Ísà, lórúkọ, ó sì so àdúà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀: pé kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọmọ náà àti irú-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ èṣù ẹni ẹ̀kọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ka ẹsẹ̀ yẹn sí ọmọ yín.

Orúkọ ìdílé ọkọ yín, kò di dandan kí ẹ lọ ilé ẹjọ́. Manaf, òrìṣà ni láàárín àwọn Kùráíṣì, bẹ́ẹ̀ bàbá ńlá Ànábì ń jẹ́ Abdu Manaf. Ọjọ́ tí Ànábì gun òkè Safa láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, “Ẹ̀yin ọmọ Abdu Manaf” ló pè wọ́n. Kò yí orúkọ òkú padà. Súrà 33, ẹsẹ̀ 5, sì ní ká máa pe ọmọ mọ́ bàbá rẹ̀. Ní ìlú wa yìí, Ògúnlọlá ni Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ẹni tí ìtàn ní ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ìlú fi gba orúkọ tó ń jẹ́. Ta ló di abọ̀rìṣà nítorí pé ó dárúkọ rẹ̀? Bí gbogbo ẹbí bá fohùn ṣọ̀kan láti sọ Ògún di Olú, kò burú. Ọmọ tuntun ni a kò gbọdọ̀ fi Ògún, Ṣàngó, Ifá tàbí Ọ̀ṣun sọ. Òjé àti Àyàn, èrò tèmi ni pé ká fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn bí orúkọ ìdílé, ká má sọ ọmọ titun bẹ́ẹ̀.

Ti ọjọ́ kẹjọ rọrùn. Nínú ìlànà Ìmáàmù Malik tí a ń tẹ̀ lé, ọmọ tí a bá bí lẹ́yìn tí ojúmọ́ ti mọ́, a kì í ka ọjọ́ yẹn. Ọjọ́rú, lẹ́yìn Àlàásárì, lẹ bímọ. Àlàmísì ni ìkíní, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ìkeje. Yorùbá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, ó pè é ní ìkẹjọ. Ọjọ́ kan náà ni. Ẹ pa àgbò kan, ẹ fá irun orí ọmọ, ó tó.

Kí ọkọ yín lọ bá Bàbá nírọ̀lẹ́ òní, kó má mú àáfà kankan dání. Kó kúnlẹ̀ kí wọn, kó ní orúkọ Ìyá ni a mú, kó sì bẹ̀ wọ́n pé àwọn fúnra wọn ni kó pè é sí ọmọ náà létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.