Ṣíṣe iṣẹ́ dósíyé ẹjọ́ nílé ìròyìn ní Àjàṣẹ́: ìdáhùn fún àbúrò tó béèrè

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ilé ìròyìn kan níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), tó ní rédíò tó sì ń gbé ìròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ gbà ọ́ kí o máa tọ́jú dósíyé (fáìlì) àwọn ẹjọ́ tí wọ́n bá pè wọ́n. O ní oyè licence nínú ìmọ̀ òfin láti yunifásítì Abomey-Calavi, o kò tíì ní CAPA, ìwé ẹ̀rí agbẹjọ́rò. O fẹ́ mọ̀ bóyá o lè ṣe é, ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an, àti iye tó yẹ kí o béèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, inú mi kò sì dùn sí bí ẹnikẹ́ni kò ṣe sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

O lè ṣe é. CAPA wà fún ẹni tó fẹ́ wọ ẹ̀wù agbẹjọ́rò, tó fẹ́ dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí ìwé wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò lásìkò, kí ẹ̀rí má sọnù, kí ọjọ́ má sì kọjá. O ti kọ́ ìyókù nílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni kí o tẹ́tí sí dáadáa. Huissier, òṣìṣẹ́ òfin tó ń jíṣẹ́ ìwé ilé-ẹjọ́, ló ń mú ìwé ìpè wá, kì í sì í béèrè ẹni tó ń bójú tó ẹjọ́. Ẹni tó bá bá lẹ́nu ọ̀nà ló lè fi lé lọ́wọ́, yóò kọ orúkọ onítọ̀hún àti ọjọ́ náà sílẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló gba irú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ó fi í sábẹ́ rédíò rẹ̀, ó lọ ṣe ìnáwó ní Sakété. Olówó kan ló pè wá lẹ́jọ́ nítorí ìròyìn ilẹ̀ tí a gbé sáfẹ́fẹ́. Kí ìwé náà tó dé orí tábìlì mi, wọ́n ti pe orúkọ wa nílé-ẹjọ́, a kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ti dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu wa.

Agbẹjọ́rò wa ní kí a ṣe opposition, ìyẹn ni kí ilé-ẹjọ́ tún ẹjọ́ náà gbọ́ lójú wa. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní òun nílò ẹ̀dà ìdájọ́. Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí greffe, ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilé-ẹjọ́ sí. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní adájọ́ kò tíì fọwọ́ sí i. Mo lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé adájọ́, ó ní ó ti fọwọ́ sí i, greffe ló wà. Mo padà, wọ́n ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ti lọ sí Kútọnu. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wò bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń wọlé lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń gba tiwọn, tí wọ́n ń lọ. Lójoojúmọ́ ni ọ̀gá mi ń pè mí lórí fóònù pé ṣé mo ti rí i. Òórùn ìwé àtijọ́ ibẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi. Níkẹyìn, ìyá kan tó ń tẹ ìwé ní yàrá kejì ló ṣàánú mi. Ó wọlé, ó wo àkójọ tó wà lórí tábìlì, ó sì fa dósíyé wa yọ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà gan-an. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní kí n lọ san owó ẹ̀dà.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Láti ìgbà náà, n kì í fẹnu béèrè ohunkóhun ní greffe mọ́. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn, mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí tìrẹ. Décharge yẹn, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n ti gbà á, ló máa gbèjà rẹ bí ẹnikẹ́ni bá ní o kò wá. Má fún ẹnikẹ́ni lówó tí kò ní já rìsíìtì fún ọ.

Ẹ̀rí ńkọ́? Láti ọjọ́ tí ẹnìkan bá ti kọ lẹ́tà pé ìròyìn yín ba òun lórúkọ jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́: ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ oníròyìn, gbogbo ẹ̀yà ìròyìn náà kí olóòtú tó tún un ṣe. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní rédíò máa ń nu ohùn àtijọ́ kúrò torí pé disiki ti kún. Lọ bá wọn fúnra rẹ, kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lórí Facebook ẹni tó pè yín lẹ́jọ́, má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò fóònù rẹ nìkan, pe huissier kó wá ṣe constat rẹ̀, ìyẹn ni kó kọ ohun tó fojú rí sílẹ̀ bí ẹ̀rí, kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Orúkọ ẹni tó bá oníròyìn sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú dósíyé. Dósíyé ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá.

Nígbà tí o bá gba ìwé ìpè, òfin tí wọ́n tọ́ka sí ni kí o kọ́kọ́ wá. Kódù ìròyìn ti 20 oṣù kẹta ọdún 2015 mú ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ìbanilórúkọjẹ́ láti ọwọ́ oníròyìn, owó ìtanràn ló kù. Ṣùgbọ́n kódù numérique ti ọdún 2018, òfin tó kan ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀wọ̀n nínú, òun ni wọ́n sì ń fà yọ báyìí. Oníròyìn Ignace Sossou kọ ọ̀rọ̀ tí procureur, ìyẹn agbẹjọ́rò ìjọba, sọ níbi ìpàdé kan sórí Twitter ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Ẹ̀sùn pé ó fi íntánẹ́ẹ̀tì dààmú ènìyàn ni wọ́n fi kàn án, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un. Nígbà tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dín in kù sí oṣù 12 ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí wọ́n sì dá 6 dúró nínú rẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí kódù numérique lórí ìwé, tàbí tí o rí CRIET, ilé-ẹjọ́ ẹ̀sùn ọrọ̀ ajé àti ìpániláyà tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí, má dúró di ọ̀la, pe agbẹjọ́rò lójú ẹsẹ̀.

Èyí mú mi rántí HAAC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìròyìn. Ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n ní kí gbogbo ilé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Béèrè bóyá ilé tó fẹ́ gbà ọ́ ní ìwé àṣẹ fún ti íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti rédíò nìkan. Kí wọ́n fi hàn ọ́, kí o rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ.

Àwọn agbẹjọ́rò láti Kútọnu ńkọ́, àwọn tó máa ń pè ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́ pé kí o fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Fún wọn ní gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìpè dé, pẹ̀lú àkójọ tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ní ti owó, ohun tí mo fẹ́ kí o rí nínú ìwé iṣẹ́ ni pé ilé ìròyìn ló ń san owó zémì (ọ̀kadà), owó ẹ̀dà àti owó huissier, àti pé wọ́n máa forúkọ rẹ sílẹ̀ ní CNSS, àjọ owó ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ òṣìṣẹ́. Èmi ń fi owó ara mi san án, kí wọ́n tó dá a padà, ó di ìjà. Wo ibi tí wọ́n bá kọ «iṣẹ́ mìíràn tí ọ̀gá bá yàn» sí pẹ̀lú. Ní kí wọ́n yọ ọ́, tàbí kí wọ́n kọ irú iṣẹ́ náà ní kedere, kí wọ́n má baà fi ọ́ sídìí fóònù ẹnu ọ̀nà nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ń kọjá lọ.