Kí ló dé tí Ọba Arthur kì í gun ẹṣin nínú Monty Python and the Holy Grail?

Owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà kò tó láti fi wá ẹṣin ni. Àwọn aláwàdà Monty Python ló ṣe é láti fi ìtàn Ọba Arthur, ọba inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Britain, dápàárá, ó sì jáde lọ́dún 1975. Dípò ẹṣin, ọba á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹni tó jókòó sórí gàárì, á di ìjánu tí kò sí mú. Patsy, ìránṣẹ́ rẹ̀, á máa tẹ̀lé e, á máa gbá èèpo àgbọn méjì pọ̀ kó lè dún bíi pátákò ẹṣin. Ọgbọ́n àtijọ́ lèyí jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe eré orí rédíò.

Ibi tó dùn jù ni pé fíìmù náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ rárá. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ kan ti dúró lórí odi, tó ń bi ọba pé níbo ló ti rí àgbọn ní ilẹ̀ olótùútù. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lè gbé e wá.

Ẹṣin gidi ṣì wà níbì kan o: orí ẹṣin ni akọni tó fi idà ṣá òpìtàn kan pa nínú fíìmù náà wà.