Àbádòfin, abẹnugan àti èèwọ̀: ìdáhùn fún oníbéèrè kan l'Óṣogbo

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, ló béèrè pé: “Bí rédíò bá ti ní ilé aṣòfin ka àbádòfin kan lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ará ọjà á ní òfin ti dé nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì dé tí wọ́n ń pe olórí wọn ní abẹnugan? Èèwọ̀ tí wọ́n kà fún wa ní Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́, ṣé òfin ni òun náà?”

Rárá o, Ìyá, òfin kò tíì dé. Àbá tó ń wá bí yóò ṣe di òfin ni. Dídá ni à ń dá àbá, ó sì lè má ṣẹ: àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta. Ọ̀pọ̀ àbádòfin ló ń kú sínú ilé, tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè wọn mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń kà á. Lẹ́ẹ̀kíní, àkọlé rẹ̀ ni wọ́n kàn ń kà sókè, kò sí àríyànjiyàn. Ìgbà kejì ni ọ̀rọ̀ ń gbóná. Ẹni tó gbé e wá á dìde, á sọ ohun tó rí tó fi dá a lábàá, àwọn kan á gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn kan á ta kò ó. Bí wọ́n bá rí i pé ó ní láárí, wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní abala-abala. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè pe ìjíròrò ìta gbangba, kí ẹ̀yin oníṣòwò lọ sọ tẹnu yín. Ẹ wá rí i pé ìgbà tí àwọn ará ọjà ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe yẹn gan-an ni ó ṣì ṣeé yí padà!

Lẹ́yìn kíkà kẹta, tí ilé bá gbà á, ó di ọwọ́ gómìnà. Abala 100 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gómìnà ní 30 ọjọ́ láti sọ bóyá òun buwọ́ lù ú tàbí òun kọ̀. Bó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé sì tún gbà á, ó di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn aṣòfin Ọ̀ṣun jẹ́ 26. Tí a bá ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo wọn, ó di 18.

Lójú tèmi, ẹnu àwa tó ń gbé ìròyìn kiri ni ìdàrúdàpọ̀ yìí ti wá. Lónìí a ó ní “ilé aṣòfin buwọ́ lu àbádòfin”, lọ́la a ó ní “gómìnà buwọ́ lu àbádòfin”, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni. Ilé ń fọwọ́ sí i ni, tàbí ká ní wọ́n gbà á wọlé. Gómìnà ló ń buwọ́ lù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi òfin tuntun halẹ̀ mọ́ yín nídìí ọjà, ẹ bi í pé: ṣé gómìnà ti buwọ́ lù ú, ọjọ́ wo ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ti abẹnugan. Láàrin wa, abẹnugan ni ẹni tó lẹ́nu lọ́rọ̀, tó ń gbẹnu àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí olórí ilé ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì látijọ́ náà nìyẹn: òun ni ilé ń rán sí ọba. Ọdún 1377 ni wọ́n kọ́kọ́ fi oyè náà pe ẹnìkan, Thomas Hungerford. Lónìí ẹ̀wẹ̀, abẹnugan kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí àríyànjiyàn. Òun ló ń sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, òun ló ń fi òòlù pa ilé lẹ́nu mọ́. Kì í tilẹ̀ dìbò àfi bí ìbò bá dọ́gba. Abala 98 ló sọ bẹ́ẹ̀.

(L'Óṣogbo níbí, ọnọrébù là ń pe gbogbo wọn, látorí kańsílọ̀ kánsù dórí àwọn tó wà l'Ábújá. Kò burú láti fi kí èèyàn. Ṣùgbọ́n aṣòfin ni ti ìpínlẹ̀. L'Ábújá, 360 ni àwọn aṣojú-ṣòfin, 109 ni àwọn sẹ́nétọ̀.)

Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé Yorùbá kò gba irú iṣẹ́ yìí, ẹ má dá a lóhùn. Abala 97 gbà pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé bá ti fẹnu kò. Àwọn aṣòfin Èkó ti ń fi Yorùbá jókòó.

Ó wá ku Igbó Ọ̀ṣun. Ẹnikẹ́ni kò dìbò kí wọ́n tó ní a kì í pa ẹja odò yẹn, a kì í sì í gé igi ibẹ̀. A bá a nílẹ̀ ni. Èèwọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì tàpá sí i, ọ̀dọ̀ àwọn àwòrò Ọ̀ṣun àti Àtáọ́ja ni yóò ti rojọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba náà wà lórí igbó kan náà. Lọ́dún 1965, ìjọba àpapọ̀ fi apá kan rẹ̀ sábẹ́ ààbò gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo igbó náà, hẹ́kítà 75. Ní 2005 UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ẹni tó bá gbé àáké wọbẹ̀ lónìí, ẹjọ́ méjì ló ń fà lẹ́sẹ̀: ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ìkejì ní kọ́ọ̀tù. Òfin ti kọ́ọ̀tù yẹn kì í tún ṣe ti àwọn aṣòfin Ọ̀ṣun. Bí wọ́n bá máa tún un ṣe, Ábújá ni wọ́n ti máa tún un ṣe.