Ṣé òótọ́ ni pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́?

Arábìnrin kan ní Èbúté-Mẹ́tta ni ó béèrè. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ní báyìí àwọn ará àdúgbò ti rí i ní ọjà Ọ̀yìngbò tí ó ń dá sọ̀rọ̀, tí ó sì ń ṣa oúnjẹ nílẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà ìdílé ní kí ó má náwó mọ́, nítorí pé wèrè tí ó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, àti bóyá kí òun gbà á.

Arábìnrin, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi gbà pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àsìkò, ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí wọ́n fi pa á dé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́.

Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé ọjà kì í ṣe ti ará ayé nìkan. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé àwọn àìrí náà ń ná an, àti pé ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú kí ó tó débẹ̀, ọwọ́ wọn ni ó bọ́ sí. Ìtumọ̀ kejì, tí mo kà sí pàtàkì jù, wà nínú bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe ń pín àìsàn náà, nítorí wọn kì í fi orúkọ kan pe gbogbo rẹ̀. Asínwín ni ẹni tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ariwo rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì nírètí pé yóò tètè yá. Abísínwín ni ti ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wèrè aláṣọ ni ẹni tí ó ṣì ń wẹ̀, tí ó ń múra, tí àlejò lè bá jókòó títí láìfura. Wèrè tí ó wọ ọjà ni òpin rẹ̀: ó ti pẹ́ lára, ìtìjú ti kúrò lójú, ẹbí sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Oníṣègùn kì í fẹ́ gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí kò bá yá, orúkọ tirẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fún ẹbí tí ń fi aláìsàn pamọ́ sí ìyẹ̀wù, ó sì tún jẹ́ àwáwí díẹ̀ fún oníṣègùn.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà tí ó bá rí i lójúkojú ni ó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 300 ni ó ń bá a jà káàkiri ayé. Láàárín ìgbà ọ̀dọ́langba sí nǹkan bí ọdún 30 ni ó sábà ń bẹ̀rẹ̀. Gbígbọ́ ohùn ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ó ní àwọn àmì tí kì í pariwo: aláìsàn á dákẹ́, kò ní fẹ́ wẹ̀, gbogbo nǹkan á sú u, ará ilé á sì máa pè é ní ọ̀lẹ.

Ní ti ohun tí ń fà á, àwọn àgbà dárúkọ mẹ́ta: ìran, àmútọ̀runwá àti àfiṣe. Ìwádìí ti ìran lẹ́yìn dé ìwọ̀n kan, nítorí pé bí ọ̀kan nínú ìbejì tí wọ́n ti inú ẹyin kan wá bá ní in, ewu pé èkejì yóò ní in wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì. Ìyẹn náà ni ó sì fi hàn pé ìran nìkan kọ́. Igbó mímu láti ìgbà èwe wà lára ohun tí ń fi kún ewu náà. Àfiṣe ni ó ṣòro láti bá ẹbí sọ, nítorí pé ẹ̀rí tí wọ́n sábà ń mú wá ni ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń sọ, pé lágbájá ń lépa òun, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbọ́ pé wọ́n ń lépa ẹni jẹ́ ọ̀kan gan-an nínú àwọn àmì àìsàn náà.

Nípa àsìkò, àwọn àgbà kò ṣìnà. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó ìwádìí púpọ̀ pọ̀ ní ọdún 2005 rí i pé bí ó bá ṣe pẹ́ tó kí aláìsàn tó rí ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni yíyá rẹ̀ ń ṣòro tó. Ìbàdàn wà lára ibùdó mẹ́sàn-án tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá kan lórí àìsàn yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ẹni tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, irú èyí tí à ń pè ní asínwín, ṣe dáadáa ju ẹni tí tirẹ̀ yọ́ wọlé lọ, àwọn aláìsàn Ìbàdàn sì sàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Awuyewuye ṣì wà lórí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ń tọ́ka sí ẹbí tí kò jọ̀wọ́ aláìsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kùnà ni pé kò gbóògùn mọ́. Ní 1987, olùwádìí kan, Courtenay Harding, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí àìsàn ti pẹ́ lára wọn gan-an kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò retí ohun rere lọ́dọ̀ wọn mọ́. Lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 30, ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ti yá tàbí ti sàn gidigidi. Ní 1988, dókítà John Kane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí oògùn mìíràn kò ràn ní clozapine, ìdá 30 nínú 100 sì sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lára àwọn tí wọ́n fún ní chlorpromazine, oògùn tí wọ́n ti ń lò ṣáájú, ìdá 4 péré ni.

Àwọn baba wa kò rí irú èyí nítorí pé oògùn náà kò sí nígbà ayé wọn. Ilé wèrè Yábà tí ìjọba àmúnisìn ṣí ní 1907 jẹ́ ibi ìhámọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, 1952 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine wo aláìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni Yábà lónìí, kò sì jìnnà sí Ọ̀yìngbò tí wọ́n ti rí àbúrò yín. Ẹ gbé e lọ.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Asọfẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn oníṣègùn wa fi ń wo wèrè, ní agbára lóòótọ́. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ nípa rẹ̀ ní 1960, reserpine tí àwọn òyìnbó náà lò fún àìsàn yìí sì wà nínú rẹ̀. Bí àbúrò yín bá ti ń mu àgbo rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó kọ oògùn, nítorí pé ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń kun ènìyàn lóorun, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ilé ìwòsàn náà lè ṣe, bí méjèèjì bá sì pàdé lára ẹni tí kò jẹun kánú, ó lè dákú.